Ìdérí Eyín Télọ̀

Télọ̀ kì í tètè gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìwọ̀n tí oníbàárà bá mú wá, á tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí dókítà eyín gbẹ́ eyín rẹ̀ kan lápá ọ̀tún, tó fi ìdérí onígbà díẹ̀ dé e, tó ní ìdérí gidi ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Télọ̀ bi í pé, "Kí ló dé tí kò sí nílẹ̀ báyìí?"

"Wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́ ni, Bàbá. Òsì ni kẹ́ ẹ máa fi jẹun. Èyí tó kù lára eyín yẹn ò nípọn. Bó bá fọ́, yíyọ ló kù."

Eyín méjì ti lọ lẹ́nu rẹ̀. Kò ṣetán láti sin ẹ̀kẹta.

Nílé, ó ń fi ṣíbí tú ìrẹsì wò, ó ń wá òkúta. Ó tẹ ẹran títí.

"Ta ló se èyí?"

"Èmi náà ni," ìyàwó rẹ̀ wí, "láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí mo bá fẹ́ pa yín, ṣé ẹ̀ bá dàgbà tó báyìí?"

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìdérí náà bọ́ nídìí máṣíìnì. Télọ̀ pe ìyàwó rẹ̀.

"Ẹran àná yẹn le."

"Ẹran tí mo gé wẹ́wẹ́ bíi tọmọ ìkókó?"

"Ó le."

Obìnrin náà gbé abọ́ oúnjẹ ọkọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. "Ẹ máa se tiyín láti òní lọ."

Télọ̀ fi ìdérí sínú páálí ìṣáná, ó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Dókítà tan iná sí i, ó fi ẹ̀mú fa nǹkan yọ lábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bébà funfun. Òwú ni. Búlúù.

"Kí lẹ fi ń já òwú, Bàbá?"

"Sísọ́ọ̀sì."

Ó sọ ọ́ tán kó tó rántí pé inú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì ni sísọ́ọ̀sì wà láti àárọ̀. Aṣọ ilé-ìwé mẹ́rìnlá ló ń rán, búlúù ni gbogbo wọn. Ogójì ọdún ló ti ń tẹrí ba bí aṣọ bá dópin, tó ń fi eyín já òwú. Kò kà á mọ́ jíjẹ.

"Kò tíì fọ́," dókítà wí. Ó lẹ ìdérí padà.

Nígbà tó délé, Télọ̀ so sísọ́ọ̀sì mọ́ ọrùn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ẹran yẹn ò le."

"Mo mọ̀."

"Òwú ni."

Ìyàwó rẹ̀ wo sísọ́ọ̀sì náà. Ó gbé àpótí, ó lọ jókòó kọjú sí máṣíìnì.

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń ṣọ́ ẹnu yín."

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ìdérí gidi dé. Télọ̀ rán aṣọ dé òpin, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Obìnrin náà wúkọ́. Télọ̀ mú sísọ́ọ̀sì.