Yàrá Tó Kọjú sí Ọ̀sà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta

Kí ojúmọ́ tó mọ́ ni mo ti wà ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú báàgì kan àti iṣu márùn-ún tí mo dì sínú àpò. Àbúrò mi nìkan ni mo dágbére fún, òun náà sì ni mo purọ́ fún. Mo ní mo fẹ́ lọ kí Wálé, ọmọ mi, ní Sùúrùlérè. Ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe gan-an ni láti gba yàrá kan ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, kí n máa gbé ibẹ̀ títí ọjọ́ mi yóò fi pé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí nílé yóò rò pé orí mi ti ń dàrú. Ilé oníyàrá mẹ́fà ni mo kọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Kí ni onílé ń wá nínú ilé onílé? Ẹ fara balẹ̀ fún mi, n óò sọ ọ́ bó ṣe rí.

Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa dé Ìbàdàn. Ihò tó wà lójú ọ̀nà kí a tó dé Ọ̀yọ́ pọ̀ débi pé inú koríko ẹ̀gbẹ́ títì ni awakọ̀ ń gbà ju orí ọ̀dà lọ. Ní Ìbàdàn, mo jẹ búrẹ́dì àti ẹyin sísè méjì, mo sì wọ ọkọ̀ Píjò tó ń lọ sí Ojota, náírà ọgbọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo jókòó sí, ọkùnrin kan tó sanra tí kò lè dákẹ́.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe lÉkòó ní ọjọ́ orí yìí? Àwọn àgbà ń sá kúrò ńbẹ̀ ni."

"Mo fẹ́ lọ gba ilé ni."

"Ẹ fẹ́ gbà á fún ọmọ?"

"Fún ara mi ni."

Ó yí redíò rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi kí Bàbá o! Bàbá yìí ní ìyàwó kékeré lÉkòó, wọn ò fẹ́ sọ ni!"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí òótọ́. Nítorí obìnrin ni mo ṣe ń lọ.

Láti Ojota mo wọ bọ́ọ̀sì dé Yaba, náírà mẹ́ta. Mo mọ Yaba dáadáa nígbà kan. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Àkọkà, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn gba ibẹ̀ kọjá lọ sílé, ìwé lábẹ́ apá, nígbà tí a ṣì lè máa rìn kí a máa ronú. Nísinsìnyí ẹni tó bá ronú ní Yaba, wọn yóò gbé báàgì rẹ̀ lọ. Ọjà ti ṣàn dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Ọmọge kan fẹ́ ta bàtà òkú Òyìnbó fún mi, ó ní yóò bá ẹsẹ̀ mi mu. Òkú Òyìnbó ni wọ́n ń pe ẹrù àlòkù tó ti òkè òkun wá. Nílé wa, bí ẹnikẹ́ni bá pe aṣọ báyìí, a kò ní fi kan ara.

Mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọ̀sà ni mo ń rí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Àgùdà kọ́ ní ayé àtijọ́, àwọn ọmọ ẹrú tó padà dé láti Bùràsíìlì. Òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe sí orí fèrèsé wọn ti ń já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín arúgbó. Níbi tí mo ti mọ ilé méjì, mo rí ilẹ̀ òfìfo àti òkìtì ààtàn. Èéfín ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú létí omi bo gbogbo rẹ̀. Omi odò ilé wa, a máa ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi yìí dúdú bí omi aró, òórùn rẹ̀ sì ń pàdé ènìyàn lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ilé tí mo gbé nígbà yunifásítì ṣì dúró. Ọ̀gá onílé ti kú tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà níbẹ̀, lórí àga kékeré ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Láyé ọjọ́un, Sisí Fẹ́lí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Sisí ni wọ́n ń pe omidan tó bá gbáfẹ́ lÉkòó. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Àǹtí Fẹ́lí. Tíṣà òkè."

"Tíṣà wo? Tíṣà tó máa ń kàwé sókè lóru bí ẹni ń wàásù fún ẹja?"

"Òun náà ni."

"Háà! O ṣì wà láyé? Wo bí orí ẹ ṣe pá!" Ó dìde, ó dì mọ́ mi, ẹ̀wà dà sílẹ̀. "Ìyàwó ẹ ńkọ́?"

"Ó ti lọ. Oṣù mẹ́jọ rèé."

Ó tún jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà tó dà sílẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ọmọbìnrin yẹn mọ ẹja dín o."

Mo sọ ohun tí mo bá wá fún un. Ó mú kọ́kọ́rọ́, a gun òkè. Yàrá igun tó jẹ́ tiwa ṣófo, ẹni tó wà níbẹ̀ ti kó lọ. Pákó ilẹ̀ ṣì ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Kò tóbi tó bí mo ṣe rò. Mi ò mọ bí a ṣe kó ara wa sínú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, èmi, ìyàwó, ọmọ àti ìwé mi. Ìdáná kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ fún ìdílé mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ omi kan tí ń yọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Fèrèsé méjèèjì kọjú sí ọ̀sà. Nígbà tiwa, ọkọ̀ ojú omi onígbòkun ni a máa ń rí láti ibẹ̀, àwọn apẹja tó ń padà sí Makoko. Nísinsìnyí afárá gígùn tuntun nì ni mo rí, ó ré gbogbo omi kọjá bí ìlà tí olùkọ́ fà la iṣẹ́ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Síbẹ̀ mo fẹ́ yàrá náà. Nílé wa a sin ìyàwó mi sí iwájú ilé, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Àwọn èèyàn ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé n kò ní jìnnà sí i. Òótọ́ ni. Àárọ̀ ni mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, gbogbo ìgbà náà ló sì ń kú fún mi lọ́tun. Ní Ẹ̀búté Mẹ́ta kò tíì kú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni níbẹ̀, ó na ọrùn sí ojú fèrèsé, ó ń bá ẹlẹ́ja jà lórí iye. Mo rò pé bí mo bá lè máa sùn sí yàrá yẹn, mo lè gbàgbé iwájú ilé mi.

Àǹtí Fẹ́lí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Owó ilé kọ́ ni ìṣòro. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́rin."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Télọ̀ kan wà nísàlẹ̀ níbí, ẹgbẹ́ ẹ ni. Ó sùn, kò jí. Ẹni tó fọwọ́ síwèé fún un, a wá a tì. Ọjọ́ mẹ́ta, Tíṣà! Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nínú ilé bàbá mi, nínú ooru yìí, kí àwọn èèyàn ẹ̀ tó ti oko dé. Láti ìgbà yẹn, mi ò gbàwé lọ́wọ́ àgbàlagbà mọ́. Ìwé kì í gbé òkú. Ọmọ ẹ ni kó o mú wá. Kó dúró síwájú mi, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé, bí bàbá òun bá kú sí yàrá yìí, ọjọ́ náà lòun máa wá gbé e. Kò jùyẹn lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyẹn kò le. Mo ti rò pé yóò béèrè owó ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán! Ibẹ̀ ni ìwé tí mo kà ti fi mí ṣẹ̀sín.

Mo gba Ojú Ẹlẹ́gbà lọ sí ilé Wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó gba iṣu lọ́wọ́ mi, inú rẹ̀ dùn, títí mo fi sọ ìdí tí mo fi wá.

"Bàbá, ẹ ní yàrá níbí. Ẹ ní odindi ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ wá fẹ́ lọ háyà yàrá kan ní Ẹ̀búté Mẹ́ta? Kí làwọn èèyàn máa pè mí?"

"Ọmọ mi ni wọ́n á máa pè ọ́."

"Wọ́n á ní ìyàwó mi ló lé yín jáde!"

Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó kó àwo lọ sí ìdáná. A gbọ́ bó ṣe ń gbé àwo lé àwo.

"Ẹ ṣáà gbọ́ ìyẹn," ni Wálé wí.

Nígbà náà ni mo sọ fún un nípa iwájú ilé. Mo sọ fún un pé yàrá yẹn la gbé e wọ̀ nígbà tó jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, pé ìyá Àǹtí Fẹ́lí ló wẹ̀ ẹ́. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Màá bá yín lọ láàárọ̀." N kò sọ ohun tí wọn yóò ní kó wí. Mo kàn ní, "Ó fẹ́ kí o ṣe onídùúró fún mi ni."

Ní aago mẹ́jọ a ti dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Fẹ́lí. Wálé dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà pàtẹ́wọ́, "Ẹni tó tọ̀ sí mi láṣọ lọ́jọ́ ìkómọ rèé! Aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà! Ìwọ ni mo ti ń wá látọjọ́ yìí o." Wálé rẹ́rìn-ín, ó tọrọ àforíjì. A gun òkè. Wálé lọ sí ojú fèrèsé, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, mo sì rí i pé yàrá náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Àǹtí Fẹ́lí wá bi í ní ìbéèrè rẹ̀. Kò fi ohunkóhun bò ó.

Wálé wò mí. Mo ní, "Sọ fún wọn."

"Bí bàbá mi bá…" Ó dúró. "Màámi, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀…"

"Ohunkóhun kọ́, ọmọ mi. Ohunkóhun lẹni tó dúró fún télọ̀ náà sọ."

Ó tún ya ẹnu, ó pa á dé. Ọkùnrin ọgbọ̀n ọdún ni, ó ń pàṣẹ fún èèyàn níbi iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà bí ọmọdé, ó ní, "Màámi, ẹ má bínú. Ẹnu mi ò gbà á. Bàbá mi ló dúró yìí."

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ ohun tí mo ṣe. Àwa kì í sọ pé ọba kú. Bàbá ẹni kì í tilẹ̀ kú lẹ́nu ẹni. Ọjọ́ alẹ́ ni a ń pè é, tàbí kí a ní bó bá di ọ̀la. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì sọ ọ́, a ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ilé, mo mú ọmọ tèmi wá síwájú àlejò pé kó pe ikú lé mi lórí, nítorí kí n lè rí fèrèsé méjì.

Mo ní, "Dìde, Wálé. Ó tó."

Àǹtí Fẹ́lí ti kọ́kọ́rọ́ náà bọ àpò yẹ̀rì rẹ̀. Kò bínú, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, máa wá kí mi. Ẹni tó wá kíni kò nílò onídùúró."

Wálé sìn mí dé Ojota. Ó san owó àga iwájú fún mi, ó ra omi, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ títí awakọ̀ fi ṣáná sí i. Ìgbà náà ló tẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé.

"Bàbá mi."

"Mo ń gbọ́."

"Ògbómọ̀ṣọ́ ò jìnnà. Ọjọ́ yòówù kó jẹ́, ọjọ́ náà gan-an ni màá dé."

Ó yí padà kí n tó fèsì, ó sì ń yára lọ láàárín èrò. Ọwọ́ mi wà lórí ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé bí mo bá bọ́ sílẹ̀, tí mo pè é, tí a padà sí Ẹ̀búté Mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí ìyá náà gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọmọ mi dárúkọ. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò.

Òjò bá wa ní Ìbàdàn, a sì dé ilé nígbà tí oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju ọ̀kan lọ: obìnrin tí mo lọ wá kò sí ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Yàrá lásán ló wà níbẹ̀, pákó tó ń dún àti omi dúdú, àti ìbéèrè kan tó yẹ kí n ti dáhùn fúnra mi kí n tó gbé e lé ọmọ lórí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo ránṣẹ́ pe bíríkìlà tó kọ́ ibojì ìyàwó mi. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún ibojì náà hàn án, mo ní kó wọn ilẹ̀ ibẹ̀, kó sì fi búlọ́ọ̀kù yí i ká.

Ó wo inú ilé, ó wò mí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ta ló kú?"

"Kò tíì sí," ni mo wí. "Wọ̀n ọ́n."