El Hadj Solange

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò ní ìtìjú. Ẹ wo Tadjoudine, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bí sí àdúgbò Koumassi Remblais níbí. Ó kàwé Faransé títí, ó sì rí iṣẹ́ ní 2006 sí ilé-iṣẹ́ kan ní Vridi tó ń ṣe ìwé ìlànà fún àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní èbúté. Wọ́n ní àwọn máa dán an wò ná. Tí ìwé àkọ́kọ́ tó ṣe bá dára, wọ́n á gbà á pátápátá.

Bàbá rẹ̀, Alhaji Sàlíhù tó ń ta aṣọ ní Treichville, kò yéé bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an. Tadjoudine á ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ inú ìwé wà nínú fáìlì kan, òun kì í fọwọ́ kàn án. Fáìlì kejì, feuille de style, ni òun ń kọ. Ìyẹn ló ń pàṣẹ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa rí lórí ìwé: èyí kó tóbi, èyí kó dúdú, èyí kó bọ́ sí àárín.

"Ìyẹn ni pé o kì í kọ nǹkan kan," ni Alhaji á wí.

"Baba, bó ṣe máa rí ni mò ń kọ."

"Ọlọ́run á ṣàánú ẹ."

Ó máa ń dun ọmọ náà wọra.

Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ dán ojú ewé àkọ́kọ́ wò, ó wá fi orúkọ bàbá rẹ̀ sí ipò òǹkọ̀wé, torí pé orúkọ náà ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Sàlíhù lásán, gàdàgbà! Ọmọ wo ló ń pe bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Kíá ló kọ ọ́ sínú feuille de style pé níbikíbi tí orúkọ òǹkọ̀wé bá ti wà, kí El Hadj máa ṣáájú rẹ̀. Bí Faransé ṣe ń kọ Alhaji nìyẹn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó lọ jẹ attiéké. Nígbà tó yá, ó yọ orúkọ bàbá rẹ̀ kúrò. Ó gbàgbé àṣẹ náà síbẹ̀.

Bí ìwé ṣe dé èbúté nìyí: El Hadj Solange Kouadio, El Hadj Alidou Traoré. Alidou, Alhaji gidi, ni olórí àwọn mẹkáníìkì ní èbúté; òun ló bá wọn yẹ ìwé náà wò, ni wọ́n ṣe fi orúkọ rẹ̀ kún ti òǹkọ̀wé. Obìnrin ni Solange, òun ni ọ̀gá Tadjoudine. Akọrin ìjọ Kátólíìkì ni, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló sì fẹ́ràn jù láyé.

"Dis donc, Tadjoudine, ìwọ lo rán mi lọ sí Mẹ́kà?"

"Pardon, tantie. Orúkọ bàbá mi ni mo fi dán an wò. Mi ò lè kọ ọ́ lásán."

"Yọ ọ́, vite! Lẹ́yìn náà, kó ẹrù ẹ."

Ó yọ ọ́, wọ́n fi ìwé tuntun ránṣẹ́. Ó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí tẹlifóònù dún. Alidou ni.

"Ta ló gba Alhaji mi lọ́wọ́ mi? Ìwé àkọ́kọ́ yẹn bọ̀wọ̀ fún mi. Èyí, jamais! Mi ò ní fọwọ́ sí i."

Láìsí ìfọwọ́sí rẹ̀, èbúté kò ní gba ìwé náà. Solange pe Tadjoudine padà. Ó ní ṣé ẹ̀rọ lè fún Alidou ní tirẹ̀, kó sì fi òun sílẹ̀?

"Oui, tantie. Ká kọ oyè kálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, feuille de style á máa gbé e síwájú."

"Ó dáa, ṣe é." Solange nawọ́ sí orúkọ ara rẹ̀. "Kí o sì fi Madame sí tèmi."

Alidou fọwọ́ sí ìwé náà, wọ́n sì gba Tadjoudine síṣẹ́. Nígbà tó ròyìn délé, Alhaji rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣí lórí rẹ̀. Lójijì, ojú rẹ̀ le.

"Ohun tí mo kọ́ ẹ nílé lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún ẹ ní Vridi?"