Agolo Epo Kan ní Ọ̀nà Ìsẹ́yìn

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó ní òun ni òun yóò wa ọkọ̀ wa. Wọ́n ti sin ín báyìí, wọ́n sì ti yìn ín tán. Èmi tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ọkọ̀ náà ló kù kí n sọ tèmi.

Èmi nìkan ni obìnrin tó ń kọ́ni níṣẹ́ mọ́tò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ní Ṣakí, nígbà tí epo wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nínú ìdíje náà, wọ́n á rọ epo agolo mílíìkì kan sínú ọkọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe. Èyí tó bá rìn jìnnà jù lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn ló gba ife. Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún mi pé bí a bá pàdánù, kíláàsì aṣọ rírán ni òun yóò gbé mi lọ.

Ẹ́ńjìnnì alùpùpù àlòkù la lò, pẹ̀lú táyà kẹ̀kẹ́. Dípò páànù, òfì Ìsẹ́yìn tí a fi sítáàṣì mú le ni mo fi bò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè gbé e sáré. Sídíkátù, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa kan tí kò sanra rárá, ló ń wà á. Ó mọ bí a ṣe ń pa ẹ́ńjìnnì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀.

Mo bẹ ọ̀gá pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ yìí ló fúyẹ́.”

“Ìyá Ràṣídì, ṣé ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ gun ohun tuntun lójú àgbà?”

Àwọn olùkọ́ ọkùnrin ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan wá sọ sí mi létí pé, “Anti, ẹ dúpẹ́ pé kò mú ìyàwó dání.”

Ọ̀gá wọ inú ọkọ̀ tagbádá-tagbádá. Òfì ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Kò pa ẹ́ńjìnnì rárá; ṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ kó máa dún, ó ń juwọ́ sí èrò. Kò tíì dé ìdí igi màńgòrò kejì lẹ́bàá ọ̀nà tí epo fi tán.

Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ pé kábúrétọ̀ tí mo tún ṣe ló jẹ epo. Kíláàsì aṣọ rírán ni mo ti fẹ̀yìntì.

Ohun tí kò sí nínú ìwé rẹ̀ rèé. Nígbà tí àwọn ọ̀gá lọ jẹun, mo fa epo agolo kan nínú alùpùpù mi, mo fi abẹ́rẹ́ gán òfì náà pọ̀, mo ní kí Sídíkátù wọ ọkọ̀. Ó kọjá àsíá tí wọ́n rì síbi tí ọkọ̀ àwọn tó gba ife dúró sí. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù fẹsẹ̀ tẹ̀lé e títí ó fi rẹ̀ wá. Ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan la ti bá a, ó jókòó sínú ọkọ̀.

Mo ní, “Epo ti tán?”

“Rárá, mà. Ẹ̀rù ló bà mí pé n ò ní mọ ọ̀nà padà.”