Ọkọ̀ Tí Badrudeen Tò Sínú Pálọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé orí ọkọ àbúrò mi dàrú, ẹ sọ fún un pé èmi Rokibat ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà tó wá gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Ẹnu mi kì í dákẹ́, àdúgbò wa ní Ìwó mọ̀ mí mọ́ ọn.

Badrudeen ni orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ni ní kánsù, ènìyàn jẹ́jẹ́, tí kì í tú bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ kódà nínú ooru. Òun àti àbúrò mi, Sodiqat, ń gbé ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi, nínú ilé tí wọ́n ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ bí owó oṣù ṣe ń wọlé. Yàrá méjì ẹ̀yìn ló ti lórùlé, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Pálọ̀ iwájú kò lórùlé, kò sì ní ògiri lápá títì rárá. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lè dúró kí ó bá Sodiqat ṣa ẹ̀wà.

Ìyá Badrudeen ló dá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀. Kuta ni wọ́n ń gbé, Ìyá Kuta la sì ń pè wọ́n. Lọ́dún kan, wọ́n gun ọ̀kadà wá bá wa ṣe Iléyá. Òjò ti rọ̀, ọ̀kadà yọ̀, ó sì da Ìyá Kuta sínú gọ́tà ní ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ wọn, pẹ̀lú léèsì funfun tí èmi fúnra mi rán. Wọn ò fara pa, ṣùgbọ́n ojú tì wọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n dìde nínú gọ́tà, omi ń ro lára wọn, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. "Mo fi Ọlọ́run búra, n kò ní wọ Ìwó mọ́ láéláé, àfi nínú ọkọ̀ ọmọ tí mo bí!"

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà sí Kuta lọ́jọ́ kejì. Badrudeen gbé báàgì wọn tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi délé.

A rò pé ìbínú ọjọ́ kan ni, pé yóò rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Iléyá dé, Iléyá lọ, Ìyá Kuta kò yọjú. Badrudeen nìkan ni ìyá yìí bí, ó sì ń dun ọmọ náà débi pé kì í lè jẹ ẹran ọdún tán. Ta ni yóò wá fi owó oṣù kánsù ra ọkọ̀?

Ìgbà yẹn ló rí i lórí fóònù pé àwọn kan nílùú òyìnbó a máa ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì tò ó pọ̀ nílé ara wọn títí yóò fi di odidi. Ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

"Àǹtí Rokibat, ẹ wò ó! Bí a ṣe ń kọ́ ilé náà ni. Oṣù yìí ẹ ra ẹsẹ̀, oṣù tó ń bọ̀ ẹ ra ojú."

"Badru," ni mo dá a lóhùn, "ilé kì í sáré lójú títì. Bí ilé rẹ ò bá parí, kò lè pa èèyàn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Olúpọ̀nnà ló ti rí ọkọ̀ ìjàpá kan tí koríko ti bò mọ́lẹ̀ nínú oko bàbá àgbẹ̀ kan, Ògúntóyè. Orí rẹ̀ ti jẹrà, ṣùgbọ́n egungun abẹ́ rẹ̀ ṣì le. Wọ́n dúnàádúrà, wọ́n ṣe é yanjú. Ni Badrudeen bá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, adìyẹ kan sì wò ó lójú láti orí àga awakọ̀. Ó ń sàba.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Bàbá Ògúntóyè wí. "A kì í lé adìyẹ kúrò lórí ẹyin. Lọ sílé. Tó bá pa wọ́n tán, màá ránṣẹ́ sí ọ."

Ẹlòmíràn ì bá ti bá bàbá jà. Badrudeen lọ sílé. Kódà, ó ń ra àgbàdo lọ fún adìyẹ náà, ó ní kí ebi má baà dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tí àwọn òròmọdìyẹ jáde, bàbá náà fi ọ̀kan kún ọkọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ọkọ̀ akẹ́rù fa ìjàpá wọ Ìwó, Badrudeen jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú òròmọdìyẹ lápò ẹ̀wù, wọ́n sì tì í sínú pálọ̀ tí kò ní ògiri iwájú. Wọ́n fi tapólì bò ó.

Láti ìgbà yẹn, ohun tí oṣù bá gbé wá ló ń wọ pálọ̀. Oṣù kan, táyà. Oṣù kejì, kò sí nǹkan kan, nítorí kánsù kò san owó. Lẹ́yìn ìyẹn, àga méjì láti ara bọ́ọ̀sì tó ti kú. Ẹ́ńjìnnì àlòkù. Iná iwájú, ti ọ̀kadà ni. Olúwagbénga, ẹni tó ń fi irin ṣe géètì ní ìsàlẹ̀ títì wa, ló fi páànù ṣe ara ọkọ̀. Gbénga kò sì mọ bí a ṣe ń ṣe nǹkan kí òdòdó má wà lára rẹ̀. Ìdí rèé tí iwájú ọkọ̀ náà fi jọ géètì ilé alájì. Òrùlé ni wọn ò rówó ṣe. Badrudeen kò sì jẹ́ kí Gbénga jó ara ọkọ̀ mọ́ egungun abẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ló ní kí wọ́n fi dè é, kí òun lè máa tú u nígbàkígbà tí òun bá rí èyí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo bú u, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo ń lọ aṣọ ìyàwó kan lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì ké. Èéfín dúdú bo títì. Ó bo aṣọ ìyàwó náà pẹ̀lú. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà nínú pálọ̀ tí mò ń jó, Sodiqat ń jó, Gbénga ń jó, Badrudeen sì dúró láàárín wa, ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Mo tún aṣọ náà fọ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Oyún Sodiqat ti wà nígbà náà, lẹ́yìn ọdún pípẹ́ tí a ti ń retí rẹ̀. Ní ìdílé Badrudeen, ìyá ọkọ ló ń wẹ ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ kí àlùfáà tó pe orúkọ. Bí wọ́n ṣe wẹ Badrudeen nìyẹn, bí wọ́n ṣe wẹ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wa wá mọ ohun tí ọkọ̀ yìí wà fún. Bí kò bá jáde, ọmọ náà yóò gba orúkọ láìfojú kan ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀.

Ó ku kíkùn lásán, ni kánsù bá rán Badrudeen lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ kan ní Òṣogbo.

Sodiqat ti kó àjọ. Ó ní ọmọ òun kò ní gba orúkọ nínú ilé tó ṣí sílẹ̀ bí ìsọ̀ ọjà, òun fẹ́ fi ògiri pàdé ọkọ òun. Ó pe Mùrí bíríkìlà. Mùrí yára lọ́wọ́, ó sì mọ iṣẹ́. Ó mọ ògiri iwájú, ó fi ẹnu ọ̀nà kan àti fèrèsé méjì sí i, ó fi sìmẹ́ńtì tẹ́jú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Kò sí ẹni tó ronú kan ọkọ̀. Ó ti pẹ́ lábẹ́ tapólì débi pé à ń sá aṣọ lé e lórí, ó ti di ọ̀kan nínú ẹrù ilé.

Ọjọ́ tí ògiri parí ni ọmọ mú Sodiqat. Obìnrin ló bí, ọmọ púpa, onírun lórí bí ẹni tó gbé fìlà wá sáyé. Badrudeen ti Òṣogbo wá tààrà sí ilé ìwòsàn, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a mú ìyá àti ọmọ padà sílé ni Sodiqat ní kí ọkọ rẹ̀ dijú. Ó dijú. Ó ní kó lajú.

Badrudeen wo ògiri. Ó wo ẹnu ọ̀nà tí kò gbà ju ènìyàn méjì. Ó jókòó sílẹ̀ lójú títì.

"Ó dára gan-an," ló wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Màámi wà nínú rẹ̀."

Ariwo tí Sodiqat ké jí ọmọ. "Wó o! Wó o lónìí! Mùrí dà?"

"N ò ní wó o. Ìwọ lo mọ ọ́n fún mi. Wọn ò tíì mọ ògiri fún mi rí."

Mo ro ọ̀nà àbùjá. Mo lọ sí Kuta, mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Kuta, mo ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n bá mi wọ kẹ̀kẹ́ wá, Ọlọ́run aláàánú ni.

"Rokibat, dìde," ni wọ́n wí. Omi ti kún ojú wọn. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú àti òrí hàn mí nínú igbá, gbogbo rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́. "Ó wù mí ju bó ṣe wù yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi búra ni mo fi ń kírun. Sọ fún Badru pé mò ń retí rẹ̀."

Mo jíṣẹ́ fún Badrudeen. Ó wo òkè, níbi tó yẹ kí òrùlé wà. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣebí díẹ̀díẹ̀ ló wọlé? Díẹ̀díẹ̀ ni yóò jáde."

Ọjọ́ tó ṣáájú ìkómọ ni òun àti Gbénga ṣe é. Wọ́n ro epo inú rẹ̀ dà sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n tú gbogbo nọ́ọ̀tì. Ẹ́ńjìnnì gba ẹnu ọ̀nà jáde lórí pákó, táyà tẹ̀ lé e. Wọ́n dojú egungun abẹ́ ọkọ̀ kọ ẹ̀gbẹ́, ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá tíntín. Ó wá ku ara ọkọ̀. Àwọn ọlọ́kadà dá iṣẹ́ dúró, àwọn tó ń ti mọ́sálásí bọ̀ ká apá ẹ̀wù, wọ́n gbé e sókè lórí, odidi ọkọ̀ olódòdó, wọ́n sì gbé e kọjá lórí ògiri. Mùrí jókòó sórí ògiri rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ẹ má gbá búlọ́ọ̀kù mi o! Kò tíì gbẹ!" Nígbà tó balẹ̀ sójú títì, ẹ ò lè gbọ́ ohùn ara yín. Kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́, ọkọ̀ ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní òwúrọ̀, èmi àti Badrudeen gbéra. Mo wọ léèsì, mo wé gèlè, afẹ́fẹ́ sì tú gèlè náà kí a tó jáde nílùú. Ìyá Kuta ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú igbá ọwọ́. Wọ́n yí ọkọ̀ po. Wọ́n fọwọ́ kan òdòdó Gbénga. Badrudeen dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn.

"Ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni, Màámi."

"Nítorí mi?"

Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn. Wọ́n wọlé sínú ọkọ̀, wọ́n tún ìró wọn ṣe. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ gbé àwọn yí Kuta ká. A kí ìyálọ́jà. A kí àlùfáà. A lọ sí ilé obìnrin kan tí wọ́n ti jọ ń jà láti ọdún pípẹ́, wọ́n ní kó fun fèrè níbẹ̀ dáadáa. Epo inú kẹ́ẹ̀gì àná nìkan ló wà nínú ọkọ̀, inú dídùn kò sì jẹ́ kí a rántí. Bí a ṣe ń wo òrùlé ilé Ìwó lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́.

Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kan dúró. "Màmá, ẹ bọ́ síbí, mi ò gba owó."

Ìyá Kuta kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀.

"Ẹ̀ bá jẹ́ ká tì í," ni Badrudeen wí. "Àǹtí, ẹ bá mi di sítíárìn mú."

"Ta ló bí ọ, èmi àbí Rokibat?" Ìyá Kuta ti sún sí àga awakọ̀. "Fi èyí tó ń dá a dúró hàn mí."

Ó fi hàn wọ́n. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Rokibat ti ọkọ̀ pẹ̀lú léèsì lọ́rùn. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá wa tì, àwọn ọlọ́kadà tó gbé e lánàá tún pàdé wa, wọ́n sọ ọ̀kadà sílẹ̀. Ìyá Kuta di sítíárìn mú gírígírí, wọ́n ń fun fèrè fún ewúrẹ́, fún adìyẹ, fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjú sí wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe wọ Ìwó. Wọ́n kọjá lára gọ́tà ọjọ́sí, wọn ò fún un ní ojú rere. Níwájú ògiri tuntun, wọ́n tẹ bíréèkì, gbogbo wa sì kọlu ara wa lẹ́yìn.

Àlùfáà ti jókòó, àwọn àlejò ti dìde. Sodiqat gbé ọmọ jáde, ó kúnlẹ̀. Ìyá Kuta wẹ̀ ẹ́ nínú pálọ̀ tí kò lórùlé, ní ojú ibi tí ọkọ̀ ti gbé jókòó tẹ́lẹ̀, oòrùn àárọ̀ ń tàn sí wọn lára. Wọ́n fi òrí pa á, wọ́n na apá rẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ìyá bàbá rẹ ló wa ọkọ̀ wá wẹ̀ ọ́ o." Badrudeen lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo bá a níbẹ̀, ó ń fi apá ẹ̀wù nu ojú. Èmi náà ń nu tèmi.

Nígbà tí àlùfáà ti pe ọmọ ní Lateefat, tí gbogbo rẹ̀ sì parí, Badrudeen ra epo, ó wá bá ìyá rẹ̀. "Màámi, ìgbà wo ni kí n gbé yín padà sí Kuta?"

Ìyá Kuta gbé Lateefat sí èjìká kejì. "Wíwọ Ìwó ni mo búra lé lórí, Badru. Ta ló gbọ́ pé mo búra pé màá kúrò níbẹ̀?"

Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Sodiqat ti ń dá àjọ òrùlé pálọ̀ fún wọn.