Ojú Ta Ni Ẹ Lẹ̀ Mọ́ Àwo Ọlápàdé?

Christopher Ọlápàdé kú ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, nílé rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló pa á. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Òun ló ta jìtá nínú Irin Gbígbóná, àwo orin kìíní ẹgbẹ́ olórin Ojú Irin, tí gbogbo ilé ọtí láti Yaba dé Muṣin ń lò láti ọdún 1972. Bí ẹ bá ní àwo náà nílé, ẹ má wulẹ̀ wá ojú rẹ̀ lára páálí rẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Ohùn Ìtura, ilé-iṣẹ́ tó ṣe àwo náà, gbé òdòdó ìsìnkú lọ kí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ mọ ilé tí wọ́n gbé e lọ? Ilé Mobọ́lájí ní Muṣin. Mobọ́lájí fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ọkùnrin mẹ́ta tó wọ kóòtù dúdú wá kan ilẹ̀kùn, òun náà jáde tòun ti òkèlè lọ́wọ́.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o," ni àgbà inú wọn wí. "Ẹbí Mobọ́lájí oníjìtá la wá kí."

"Mobọ́lájí wo?"

"Ti Ojú Irin. Èyí tó wà lára àwo."

"Èmi rè é! Ta ló sọ fún yín pé mo kú? Abeg, ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi kí màámi tó rí i!"

Ó ti pẹ́ jù. Ìyá rẹ̀, Màmá Àṣàkẹ́, ti rí òdòdó náà láti ojú fèrèsé, ó sì ti fi igbe bọnu.

Ta ni Mobọ́lájí? Ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà tó ń ta àwo ní ṣọ́ọ̀bù Ohùn Ìtura ní Yaba nígbà náà ni. Ní ọ̀sán tí wọ́n fẹ́ ya àwòrán páálí àwo, Ọlápàdé wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, epo bò ó lọ́wọ́ dé ìgbúnwọ́. Ó ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró di agogo mẹ́rin. Ọ̀gá wọn ní orin làwọn ń tà, àwọn ò ta ojú. Ni wọ́n bá fa Mobọ́lájí jáde láti ìdí káńtà, wọ́n gbé jìtá Ọlápàdé, tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n sì kọ orúkọ Mobọ́lájí sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ọlápàdé fárígá, wọ́n ní àwọn á tún un ṣe bí àwọn bá tún àwo náà tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tún un tẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlápàdé. Ìyá rẹ̀ nà án títí ní kékeré, ó sì kọ́ láti máa fi ọ̀tún jẹun, láti máa fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ti jìtá nìkan ni kò gbà. Ó tú gbogbo okùn rẹ̀, ó yí wọn padà, ó sì ń fi òsì rẹ̀ ta á. Ó gé páìpù irin kékeré kan níbi iṣẹ́, ó dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà, ó ń fi í fa okùn náà títí yóò fi ké bí ọkọ̀ ojú irin tó ń wọ Ìdó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, mo sì ń ṣàárò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó na ìka sí ẹlòmíràn, èmi náà jẹ̀bi. Nínú abala ìwé ìròyìn yìí kan náà, ní ọdún 1972, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé Ọlọ́run fún Mobọ́lájí ní ìka. Mobọ́lájí tí kò lè lu agogo! Mo wo àwòrán yẹn dáadáa. Mo rí i pé okùn tó nípọn jù, tó yẹ kó wà lókè, ìsàlẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé àṣà tuntun ni, n kò mọ̀ pé jìtá ọlọ́wọ́ òsì ló gbé dání. Ọ̀mọ̀ràn tèmi rè é. Nígbà tí èmi àti Ọlápàdé pàdé, ẹ̀rín ló rín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá mi yin Mobọ́lájí."

Mo ṣèlérí pé n ó ṣàtúnṣe. N kò ṣe é. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ní ọjọ́rú, mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀, ọ̀gá tuntun ní Ohùn Ìtura. Ó mọ òótọ́ báyìí. Àwọn tó lọ sí Muṣin ti jábọ̀ fún un. Síbẹ̀, wọ́n ti ń tún àwo náà tẹ̀ lọ́wọ́, "ní ìrántí olóògbé." Wọ́n fi ìlà dúdú yí àwòrán ká. Àwòrán wo? Èyí àná náà ni. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi yé," ó dáhùn. "Ojú yẹn ni kọ́sítọ́mà mọ̀. Tá a bá yí i padà, wọ́n á ní ayédèrú ni."

Ẹ gbọ́ o! Ojú ẹni tó ta jìtá ló máa sọ àwo di ayédèrú! Láyé Ọlápàdé, ẹ ò ta ojú. Ó kú tán, ojú ló kù tí ẹ ń tà, ti ẹlòmíràn sì ni. Àwọn àgbà ní bí a bá kú là ń dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ère ta ni ẹ wá gbẹ́ yìí? Ṣé kò rí yín lára ni?

Láti ibẹ̀ mo gba ilé olóògbé lọ. Adùnọlá, ìyàwó rẹ̀, gbé àwo ilé wọn fún mi. Ó ti gé fọ́tò ọkọ rẹ̀ kúrò lára káàdì ibi iṣẹ́, ó sì ti fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú Mobọ́lájí. Fọ́tò náà kéré fún ọrùn tó gbé e, etí kan sì ti ń ṣí.

"Mi ò bèèrè nǹkan míì lọ́wọ́ wọn, bọ̀dá," ó wí. "Kí ọmọ mi ṣáà lè nàka sí i, kó ní bàbá òun rè é, káwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má pè é ní onírọ́ mọ́."

Nítorí náà, ohun tí mo kọ nípa Mobọ́lájí ní 1972, Ọlápàdé ló ni gbogbo rẹ̀. Àtúnṣe tèmi nìyẹn, ó fi ọdún márùn-ún pẹ́. Ó ku tiyín, Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀. Ẹ dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn dúró. Ẹ fi ojú Ọlápàdé àti orúkọ rẹ̀ sí ibi tó yẹ kí wọ́n wà. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó pàṣẹ àwòrán àkọ́kọ́ fún aráyé. Kí ẹ sì gbé òdòdó yín lọ sí Sùúrùlérè, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún opó.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ẹ ní àwo náà máa jáde. Bí ó bá jáde pẹ̀lú ojú Mobọ́lájí, ẹ máa bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín ní Yaba ní òwúrọ̀ kùtù, èmi àti fọ́tò Ọlápàdé rẹpẹtẹ, pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀kọ kan. N ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan lójú àwọn kọ́sítọ́mà yín. Mobọ́lájí ti ní òun ló máa gbé ìkòkò.