Ẹni Tó Kọ́ Mi Lókò Sísọ

Àwọn tó mọ̀ mí nísinsìnyí kì í gbà pé mo ṣeré lakirọ́ọ̀sì rí, ní Ìlá wa yìí. Èmi náà ì bá ti gbàgbé, bí kì í bá ṣe pé ó ń dùn mí títí dòní.

Kò tíì pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí nígbà náà. Olùkọ́ wa kan ní girama, obìnrin òyìnbó, ló kó ọ̀pá lakirọ́ọ̀sì mẹ́fà dé láti ìlú wọn. Ọ̀pá náà ní àpò awọ lórí. Inú rẹ̀ la ti ń gba bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ náà la ti ń jù ú sílé, ìyẹn góòlù. Olùkọ́ so páànù kan sáàárín igi máńgòrò méjì. Bí o bá ti ju bọ́ọ̀lù, olùkọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá tí wọ́n ń kọ́ lẹ́nu wa kà: "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta." Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá kan páànù kí wọ́n tó pe eéjì ni yóò máa jù ú sílé fún wa bí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn bá wá. Tèmi kì í dé kí wọ́n tó pe ẹẹ́ta. Mo máa ń weyín pọ̀, mo máa ń fi gbogbo agbára jù ú, bọ́ọ̀lù á sì máa lọ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ìyá bàbá mi ló tọ́ mi. Oko ìrẹsì wọn wà lọ́nà Òkè-Ìlá, abà ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn nígbà náà, mo sì máa ń kúrò nígboro lọ bá wọn lé ẹyẹ ní Sátidé. Orí ọ̀gán ni wọ́n máa ń dúró sí pẹ̀lú kànnàkànnà wọn, okùn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun, tó ní awọ láàárín tí òkúta ń jókòó sí. Òkúta á ti dé ìpẹ̀kun oko kí ojú mi tó rí i. Mo sọ ìṣòro mi fún wọn, mo fi igi lásán ṣàpẹẹrẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Apá nìkan lò ń lò, ìwọ ọmọ yìí. Ẹsẹ̀ la fi ń sòkò. Gbé tòsì síwájú, jẹ́ kí ìbàdí yí ná, kí apá wá tẹ̀ lé e. Má sì fún igi yẹn lọ́rùn, kì í ṣe adìyẹ."

Sátidé mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ mi. Wọ́n á di ìbàdí mi mú, wọ́n á máa yí i. Àwọn ẹ̀ga jẹ nínú ìrẹsì wọn nígbà tí a ń ṣe é, wọn ò sì bínú.

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ fẹ́ yan ẹni tí yóò máa jù, mo gbé ẹsẹ̀ òsì, mo yí ìbàdí. Páànù dún gbàà kí wọ́n tó pe eéjì. Olùkọ́ sáré wá, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo wo ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ro bí wọn yóò ṣe rẹ́rìn-ín bí mo bá ní arúgbó kan tó ń lé ẹyẹ lóko ni.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Èmi fúnra mi ni."

Bí mo ṣe yíjú, ìyá àgbà ni mo rí lẹ́bàá igi máńgòrò, apẹ̀rẹ̀ lórí. Mo ti sọ ọjọ́ náà fún wọn, àmọ́ n kò rò pé wọ́n lè wá. Yorùbá ni olùkọ́ fi béèrè, Yorùbá ni mo fi dáhùn, ìyá àgbà sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ìyá àgbà kí olùkọ́ kú iṣẹ́, wọ́n sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ní iṣu mi nìyí, wọ́n sì yí padà. Ó sàn kí wọ́n bú mi.

Nígbà tí mo délé, mo kó iṣu kúrò. Kànnàkànnà tuntun kan wà lábẹ́ rẹ̀, okùn rẹ̀ bá apá mi mu, pẹ̀lú òkúta róbótó mẹ́fà nínú àkísà, iye ọ̀pá tí mo sọ fún wọn pé olùkọ́ kó wá. Wọ́n ti fẹ́ kọ́ gbogbo wa.

Ojú tì mí, n kò lọ sóko ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ní ìkejì, mo ránṣẹ́ sí wọn pé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀, irọ́ ni. Kí ìkẹta tó pé, wọ́n wá pè mí pé ìyá àgbà ṣubú lóko. Wọ́n ti kú kí n tó dé.

Mo gun orí ọ̀gán lọ pẹ̀lú ẹkún. Ìrẹsì ti gbó, ẹ̀ga bò ó, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì, mo yí ìbàdí, mo fi kànnàkànnà tuntun náà sọ òkúta. "Ìyá àgbà ló kọ́ mi," ni mo pariwo. Àwọn ẹyẹ fò, wọ́n yípo oko lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì padà bà lórí ìrẹsì.