Àtíbàbà Mi Tó Hu Ewé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nítorí àtíbàbà kan péré!

Kò tíì pẹ́ tí a gbòmìnira lọ́wọ́ òyìnbó nígbà náà. Takon ni wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n ní Ìsàbà, lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ni mo ti ń dáko láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Bàbá Onílẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń pè é, ló fún mi níbẹ̀. Òfin rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: gbin àgbàdo, gbin ẹ̀gẹ́, má gbin igi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀, lọ́jọ́ kan, á pe ilẹ̀ náà ní tirẹ̀.

Òjò ti ba àgbàdo tí mo kórè jẹ́ lọ́dún tó ṣáájú. Mo sunkún lójú oko, mi ò purọ́. Mo ní lọ́dún yìí, n ó kọ́ àtíbàbà tí n ó máa kó àgbàdo sí, ẹni tó bá fẹ́ kó bínú!

Mo kọ́kọ́ pe mọlémọlé kan láti Pobè. Ó wọn ilẹ̀, ó ka sìmẹ́ńtì, ó ka tólù, ìyẹn páànù tí yóò fi bo orí rẹ̀, ó wúkọ́, ó dárúkọ owó. Háà! Mo bi í pé ṣé àgbàdo la fẹ́ kó síbẹ̀ ni, àbí kọmáńdà òyìnbó?

Igi gbígbẹ ńkọ́? Ìyẹn rọrùn, ṣùgbọ́n ikán ilẹ̀ wa kì í gbààwẹ̀. Kò ní pẹ́ tí òpó á fi di ìyẹ̀fun, ẹ óò tún ra òmíràn. Ni mo bá gé ìyeyè tútù nínú igbó, lọ́fẹ̀ẹ́. Òpó ìyeyè máa ń hu, ikán kì í sì í sábà jẹ igi tó wà láàyè. Ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn! Àwọn ará àdúgbò bá mi ṣe ọ̀wẹ̀, mo se ẹ̀wà fún wọn, a fi koríko bo orí rẹ̀. Mo kó àgbàdo mi sábẹ́ rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀.

Òjò dé. Òpó hu ewé. Bàbá Onílẹ̀ náà dé.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, kí lèyí? Mo ní kí o má gbin igi! Ṣé òmìnira tí wọ́n gbà l'Ájàṣẹ́ ló ń gùn ọ́?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí Bàbá má bínú, òpó ni mo rì, mi ò gbin igi. Ó ní ṣé òpó ló ń hu ewé? Kí n hú gbogbo rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ọjà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n padà sí Takon.

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn bà mí nínú jẹ́. Mo ti ṣírò ikán, mo ti ṣírò tólù, mi ò ṣírò òfin. Ṣùgbọ́n kí n wó o nínú òjò? Kí àgbàdo mi tún jẹrà? Irọ́ ni!

Àwọn èèyàn ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo kọ̀. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, Bàbá kó àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ wá. Mo kí wọn lórí ìkúnlẹ̀, mo gbé omi fún wọn, lẹ́yìn náà mo dìde dúró.

"Ẹ̀yin bàbá mi, igi wọ̀nyí, ti Bàbá ni, láti gbòǹgbò dé ewé. Bí ó bá so, kí àwọn ọmọ ọmọ yín wá ṣa á jẹ. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo yín, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òrùlé, tèmi ni! Ẹni tó bá fẹ́ hú igi rẹ̀, kó kọ́kọ́ bá mi ru àgbàdo mi lọ sínú yàrá tirẹ̀."

Ta ló fẹ́ sùn sáàárín àgbàdo opó? Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, obìnrin yìí ti bá wa gbin igi lọ́fẹ̀ẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Bàbá fúnra rẹ̀, ó fi ìbínú bò ó. Ó ní kí igi náà dúró, kí n ṣáà máa gé ẹ̀ka rẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àtíbàbà tàbí ilé, ẹ má ṣírò owó nìkan, ẹ bèèrè pé lórí ilẹ̀ ta ni òpó yín yóò dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọ́ ọ tán, tí ohun tí ọmọ yín ó jẹ wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ariwo wó o!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti ní kó wó ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ rí? Ṣé ẹ wó o, àbí ẹ dúró? Ẹ wí, mo ń gbọ́.